Lábẹ́ Ewúrẹ́ Tó Kẹ́yìn

Abdulrazaq ará Ìkirè ló dá ètò orí fóònù kan sílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń kọ ìwọ̀n kòkó wọn. Ọ̀fẹ́ ni, gbangba ló sì wà: ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè bá a tún un ṣe. Tèmi ni kí n sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di Yorùbá, nítorí ìyá mi. Ìyá mi mọ Yorùbá kà dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó bá sì wu àwọn tó ń ra kòkó ni wọ́n máa ń kà fún un.

Ẹ̀dà tuntun jáde, Yorùbá mi ò sí níbẹ̀. Òmíràn tún jáde, kò sí níbẹ̀. Kí n tó gbọ́ rárá, ọjọ́ tí wọ́n ń gba iṣẹ́ mọ ti kọjá. Inú bí mi, mo pè é.

"Àǹtí Nàfí, a kọ ọjọ́ yẹn sínú ìwé àlàyé o."

Mo wá a títí. Ìsàlẹ̀ ìtàn bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo ti bá a, lẹ́yìn orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, lójú ewé tí wọ́n pè ní "Àwọn Nǹkan Mìíràn". Mo ní kó gbé e sójú ewé àkọ́kọ́. Ó ní ẹni tó bá wá a á rí i.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a jà. Mo ní kó wá jẹ iyán nílé mi ní Àpòmù, torí ọmọ yìí ò lè gbọ́ iyán kó má dìde.

"Àdírẹ́sì á wà nínú ìwé tí mo máa fi ránṣẹ́," ni mo sọ fún un.

Ìwé náà gùn. Mo kọ bí baba ńlá ọkọ mi ṣe dé Àpòmù, oko tó dá, ewúrẹ́ tó sìn, àti ìwà ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ewúrẹ́ tó kẹ́yìn ni mo kọ àdírẹ́sì sí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi kọ ọ́, tí mò ń dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè.

Ní ọ̀sán Sátidé, fóònù dún.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ilé yín dà?"

"Ó wà nínú ìwé."

"Ewúrẹ́ nìkan ni mò ń rí!"

"Ẹni tó bá wá a á rí i, Razaq."

Ọlọ́kadà gbé e lọ sílé olórúkọ mi kan, Nàfísátù aránṣọ. Ó tún gbé e lọ sọ́dọ̀ Nàfísátù tó ń ta sìmẹ́ǹtì, níbi tí ajá ti lé wọn. Ìgbà tó wá fara balẹ̀ ka ìwé mi dé ìsàlẹ̀ ló tó rí ilé, òógùn sì ti bo ojú rẹ̀. Mo gbé iyán àti adìyẹ síwájú rẹ̀, mo wá nawọ́ sí kọ̀ǹpútà tó gbé dání.

"Gbé ọjọ́ yẹn sójú ewé àkọ́kọ́ kí o tó fọwọ́ kan oúnjẹ mi."

Ó wò mí, ó wo itan adìyẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Ó ti wà lókè pátápátá, ní lẹ́tà gàdàgbà: ìrọ̀lẹ́ òní la ó gba iṣẹ́ mọ fún ẹ̀dà tó ń bọ̀.

Mo figbe ta. Ìlàjì Yorùbá mi ṣì wà nílẹ̀, ewúrẹ́ ni mò ń kọ!

"Àǹtí, ẹ yáa jókòó sídìí iṣẹ́ yín," ló wí, ó ti ń wẹ ọwọ́. "Màá fi itan sílẹ̀ fún yín."

Mò ń tẹ̀, ó ń jẹ. Bí ládàánì ṣe ń pe ìrun Mọ̀gáríbì ni mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ó sì wọlé. Ìyá mi ti ń ka ìwọ̀n kòkó rẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́ ẹ jẹ mọ́, inú mi sì dùn débi pé mo sunkún.

Itan adìyẹ nìkan ni mi ò rí lálẹ́ ọjọ́ iyán yẹn. Nígbà tí mo bèèrè rẹ̀, Abdulrazaq lá ìka rẹ̀, ó ní kí n wo abẹ́ ewúrẹ́ tó kẹ́yìn.