Ẹ Bá A Wí, Màmá

Èmi Alice, nọ́ọ̀sì àgbà, mo kórìíra ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Gbogbo ìlú Ọ̀yẹ́ tí ọsibítù wa wà ló mọ̀. Tí mo bá wọ wọ́ọ̀dù, tí mo bá ẹnì kan tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, ẹni tó wà ní géètì á gbọ́ ohùn mi. Nítorí náà, nígbà tí Dókítà Akínwálé sọ fún wa pé obìnrin kan láti yunifásítì fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu wo ìrora àwọn aláìsàn wa, ńṣe ni mo pòṣé.

"Hipinotísìmù ni wọ́n ń pè é," Dókítà wí. "Wọ́n á ní kí aláìsàn dijú, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi kúrò níbi tó ń dùn ún."

"Gbájúẹ̀ ni," mo wí. "Bí àwọn olè gárééjì ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á fọwọ́ kàn ọ́ léjìká, wàá sì máa tẹ̀ lé wọn bí ewúrẹ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín, òun náà kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Obìnrin náà, Ìrètí lorúkọ rẹ̀, wá, ó tún wá, bẹ́ńṣì ìta la ń fi í sí. Ọmọ tó mọ̀wé ni o. Ìmọ̀ nípa ọkàn ọmọ ènìyàn ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Èmi á ní "Pẹ̀lẹ́," màá sì kọjá lọ.

Ìgbà tó yá ni wọ́n gbé obìnrin kan, Mùtíátù, dé láti ìlú Ìfisìn. Níbi tó ti ń se epo pupa ni epo gbígbóná ti dà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka. Èèyàn kì í fi egbò iná sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́, ká máa họ ẹran tó ti kú kúrò. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fọwọ́ kan báńdéèjì báyìí, Mùtíátù á ké, á ta ẹsẹ̀, á fẹ́ bu èèyàn jẹ. Abẹ́rẹ́ ìrora tí a ní kò ràn án. Ikọ́ fée sì ń bá a jà, Dókítà kò lè máa fún un ní abẹ́rẹ́ oorun ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ fọ egbò. Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Dókítà pe Bùsàrí, ọkọ rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Tí a kò bá rí ọwọ́ yìí fọ̀ lónìí, ọ̀la la máa gé e, kó má baà pa á."

Bùsàrí, ọkùnrin gìrìwò, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Ọwọ́ ọ̀tún? Ọwọ́ tó fi ń ṣe uṣẹ́?"

Ó dùn mí wọra. Èmi ni mo ń fi ṣíbí bọ́ Mùtíátù. Tí kò bá jẹun, màá jágbe mọ́ ọn, á jẹ ẹ́. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Bí mo ṣe jáde lọ bá Ìrètí lórí bẹ́ńṣì nìyẹn. "Wọlé," mo wí, mi ò tilẹ̀ wo ojú ẹ̀.

Ìrètí jókòó ti Mùtíátù. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dijú yín jẹ́jẹ́, kí ẹ máa gbọ́ ohùn mi..."

Kò tíì parí rẹ̀ tí Mùtíátù fi lọgun. "Aúsù bílláhì! Olè! Ẹ gbà mí o!" Ó fi ọwọ́ òsì gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà. Gbogbo wọ́ọ̀dù dìde. Dókítà mi orí, ó ní ká lọ tún yàrá iṣẹ́ abẹ ṣe sílẹ̀.

Inú bí mi. "Mùtíátù! Ṣé orí ẹ pé? Kí ni ọmọ ọlọ́mọ jí lọ́wọ́ ẹ?"

Ẹkún ló bú sí. "Màmá Nọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe bá mi sọ̀rọ̀ ní gárééjì Ìkọ̀lé nìyẹn. Jẹ́jẹ́ báyìí. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, èmi fúnra mi ni mo kó owó ọjà mi fún wọn. Ohùn tó bá ti rọ̀ báyẹn, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Ẹ jẹ́ n máa re ulé mi."

"O ò re ibì kankan! Pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn yẹn? Jókòó síbẹ̀!"

Kíá ló jókòó. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, èémí rẹ̀ balẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ fura, Ìrètí ló rí i. Ó fà mí láṣọ, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Màmá, ohùn yín ló gbà gbọ́. Lójú rẹ̀, ẹni tó ń jágbe mọ́ ọn kò lè jẹ́ gbájúẹ̀. Màá máa sọ ohun tí ẹ máa wí fún yín. Ẹ bá a wí."

"Èmi? Èmi Alice, kí n máa ṣe hipi-kí-ni?"

"Ẹ bá a wí, Màmá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ǹ bá ṣe? Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gé ọwọ́.

"Mùtíátù, dijú ẹ! Mo ní o dijú! Ta ló ní kí o máa mí bí ẹni tí ajá ń lé? Mí sínú! Mí síta! Kí lò ń kánjú fún, ṣé ọkọ̀ fẹ́ fi ẹ́ sílẹ̀ ni?" Ìrètí ń sọ ọ́ sí mi létí, èmi ń jágbe rẹ̀ jáde. "Odò yín ní Ìfisìn ńkọ́? Lọ síbẹ̀! Ki ọwọ́ yẹn bọ omi! Ó tutù, àbí kò tutù? Jẹ́ kó tutù títí ọwọ́ ò fi ní mọ nǹkan kan mọ́! Tí o bá yọ ọ́ láìjẹ́ pé mo ní kí o yọ ọ́, èmi pẹ̀lú ẹ ni!"

Mùtíátù dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Dókítà Akínwálé sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú báńdéèjì tó ti lẹ̀ mọ́ ẹran. Mo ń retí igbe. Kò sí igbe. Ó họ ẹran òkú, omi pupa ń ro sínú abọ́. Kò sí igbe. Ẹ̀rù bà mí, mo fi ìka sí ihò imú Mùtíátù bóyá ó ṣì ń mí.

"Mùtíátù! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́, Màmá. Omi yìí mà tutù o."

Háà! Orí mi wú. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ojú mi ò rí irú ẹ̀ rí. Dókítà di egbò náà tán, ó dìde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ìrètí ló kọjú sí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó síta mọ́."

Bí a ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Dókítà ń fọ egbò, Ìrètí ń sọ̀rọ̀ sí mi létí, èmi ń bá Mùtíátù wí, ẹran tuntun sì ń hù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ojú mi rí! Tí mo bá ti ń bọ̀ báyìí, àwọn tó wá kí aláìsàn á yára ki fóònù bọ àpò. "Màmá Gbájúẹ̀ ti dé." Èmi! Bùsàrí pàápàá, bó ṣe dọ̀bálẹ̀ kí mi, ọwọ́ kan wà lápò.

Lọ́jọ́ tí Mùtíátù ń lọ sílé, mi ò lè dúró wo ìdágbére. Mo sá wọ yàrá tí a ń kó òwú sí, mo ń to ohun tó ti wà ní títò tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn. Mo fò sókè, mo lọgun, "Ta nìyẹn?"

Ọwọ́ ọ̀tún ni. Awọ rẹ̀ tuntun, ó ń dán, gbogbo ìka rẹ̀ ló pé, wọ́n sì ń ká.

"Màmá, ẹ má pariwo mọ́," Mùtíátù wí. "Ẹ máa tẹ̀ lé mi."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Mo tẹ̀ lé e dé géètì, omijé ń dà lójú mi, mi ò bi í léèrè ibi tí à ń lọ.