Ẹdun Ìyá Ìbejì

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1954, ọkọ̀ akẹ́rù méjì gbé àwọn òyìnbó onísinimá wọ Abà Fákúnlé, nítòsí Ẹ̀sà-Òkè. Fíìmù adẹ́rùbani ni wọ́n fẹ́ yà: àwọn ẹdun inú igbó bínú sí ọmọ ènìyàn, wọ́n sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará abà, tí wọ́n ń fi ojoojúmọ́ ayé lé ọ̀bọ kúrò nídìí kòkó, béèrè bóyá kò sí ohun mìíràn tó ń dẹ́rù ba ènìyàn nílùú òyìnbó.

Ẹni tó dá wọn lóhùn ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, akọ̀wé rélùweè ní Òṣogbo, tó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó lè wá ṣe ògbufọ̀. Táì wà lọ́rùn rẹ̀ nínú oko kòkó. Ó ní, "Ẹ̀rù kò sí lára ẹranko. Inú kámẹ́rà ló wà." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ọ̀gá àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ọkọ̀.

Wọ́n ti ṣèlérí fún Ajíbóyè pé òun ni yóò yìnbọn pa olórí àwọn ẹdun ní ìparí fíìmù. Gbogbo Òkè-Fíà, àdúgbò rẹ̀ ní Òṣogbo, ti gbọ́. Ó ti rán ṣòkòtò kakí tuntun, ó sì ti ra àkẹtẹ̀ líle bíi ti ajẹ́lẹ̀.

Àmọ́ àwọn ẹdun igbó gbọ́ ariwo jẹnerétọ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, wọ́n sá lọ, wọn kò padà. Ẹyọ kan péré ni kò sá, èyí tí Susannah, obìnrin kan nínú abà náà, ń sìn nínú ilé.

Ìyá Ìbejì ni gbogbo abà ń pe Susannah, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kẹ́hìndé nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Táíwò ti lọ sí ọjà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ la ń sọ ọ́, a kì í ní ìbejì kú. Ìyá ọkọ Susannah ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún ọmọ tó lọ, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ, kí èkejì má baà tẹ̀ lé e. Àlùfáà ìjọ ní ère kò gbọdọ̀ wọ ilé onígbàgbọ́. Oṣù yẹn náà ni ọmọ ẹdun kan já bọ́ láti orí igi nínú oko wọn. Ẹranko ìbejì ni ẹdun. Ìdílé tó bá bí ìbejì kì í pa á, wọn kì í sì í jẹ ẹ́. Susannah gbé e wálé. Àlùfáà wá wò ó, ó wò ó títí, ṣùgbọ́n kò rí òfin tó lè fi lé e jáde, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ẹ.

Ajíbóyè lọ bá Susannah. "Ìyá Ìbejì, ẹdun yín nìkan ti tó wa. Ẹ̀rọ yóò sọ ọ́ di ogún."

"Báwo ni ẹyọ kan ṣe ń di ogún?"

Ajíbóyè bi òyìnbó ayàwòrán léèrè, ó sì túmọ̀ àlàyé rẹ̀ fún Susannah. Wọn á fi bébà dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, wọn á ya ẹdun lápá òsì. Wọn á wá fi bébà bo ìdajì tí wọ́n ti yà, wọn á gbé ẹdun sápá ọ̀tún, wọn á tún yà á lórí fíìmù kan náà. Ẹni tó bá wò ó á rí méjì. Bí wọ́n bá ti rí méjì, ogún kò jìnnà mọ́.

Susannah béèrè pé, "Ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ènìyàn?"

Táíwò kò ya fọ́tò rí títí ó fi lọ. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kò ju fọ́tò kan lọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà. Ayàwòrán ṣèlérí, Susannah sì yọ̀ǹda ẹdun.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Wọ́n fi ẹ̀pà pamọ́ sínú irun òyìnbó obìnrin kan, ẹdun fò mọ́ ọn lórí, ó ń wá oúnjẹ rẹ̀ tọkàntọkàn, obìnrin náà sì ń ké bí ẹni tí ikú dé bá. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ṣokoléètì ni, inú agolo ni wọ́n ti ń dà á. Ajíbóyè ní kòkó ni wọ́n fi ṣe é. Bàbá Fákúnlé, tó ti gbin kòkó fún ọgbọ̀n ọdún, fi ìka kan án, ó fi kan ahọ́n. "Ohun tí wọ́n ń fi kòkó wa ṣe nìyí?" ló wí, ó sì padà sídìí kòkó tó ń sá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn ni Ajíbóyè tó sọ èyí tó kù fún Susannah. Ìbọn gidi ni yóò yìn pa ẹdun náà, nítorí ẹranko kò mọ bí wọ́n ṣe ń díbọ́n kú. Ọ̀gá ti bi í tẹ́lẹ̀ bóyá èèwọ̀ kankan wà níbẹ̀. Ajíbóyè rẹ́rìn-ín, ó dáhùn pé àwọn bàbá-ńlá òun ló ń ka irú èyí sí.

"Ìyá Ìbejì, fíìmù lásán ni."

"Bó bá jẹ́ fíìmù lásán, ẹ̀yin ẹ kú nípò rẹ̀."

Àwọn obìnrin tó ń sá kòkó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ rántí fọ́tò o. Bí ọ̀gá bá bínú, kò sí fọ́tò mọ́."

"Mo rántí. Ẹ máa gbé fọ́tò yín lọ, ọ̀gá akọ̀wé. Kẹ́hìndé ni mo fẹ́ kó wà láàyè." Ó tú okùn lọ́rùn ẹdun, ó gbé e lé itan, ó sì jókòó síwájú kámẹ́rà.

Ọ̀gá òyìnbó béèrè ohun tó wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé, Ajíbóyè túmọ̀ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò fi nǹkan kan kún un, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Ojú ọ̀gá pọ́n. Ó wo oòrùn, ó wo obìnrin náà, ó wá wo Ajíbóyè láti orí àkẹtẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kakí.

"Ó dáa," ló wí. "Ìwọ ni wàá kú."

Wọ́n dojú Ajíbóyè bolẹ̀ nínú ewé gbígbẹ. Wọ́n da ṣokoléètì sí i lórí àti létí, débi pé ìyá tó bí i kò lè dá a mọ̀. Wọ́n wọ́n ẹ̀pà sí i lẹ́yìn, ẹdun sì jókòó lé e, ó ń jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kú kí ọ̀gá tó gbà pé ó kú dáadáa. Àwọn èèrà ti gbà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, fíìmù ti tán. Fọ́tò ẹyọ kan ló kù nínú kámẹ́rà kékeré, wọ́n sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún Ajíbóyè tipẹ́: òun, ìbọn àti àkẹtẹ̀, fún ògiri pálọ̀ rẹ̀. Bí kò bá ya èyí, kò sí ẹ̀rí kankan tí yóò gbé dé Òṣogbo. Ayàwòrán ní kó lọ bọ́jú. Ó bọ́ ọ, ó gbé ìbọn, ó dúró.

Susannah ti ń lọ sílé, òun, ọmọ àti ẹdun. Kò wẹ̀yìn.

"Ìyá Ìbejì," Ajíbóyè pè é. "Ẹ mú ọmọ yín wá."

"Ti yín ńkọ́?"

"Ojú mi kò tíì mọ́ tó."

Òótọ́ ni, ṣokoléètì ṣì wà létí rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, iye ìgbà tó sọ ìtàn fọ́tò tí kò yà yìí ní Òkè-Fíà pọ̀ ju iye ìgbà tí ìbá fi fọ́tò náà hàn lọ, ká ní ó yà á.

Kẹ́hìndé jókòó lápá òsì bẹ́ńṣì, wọ́n yà á. Wọ́n ní kó sún sápá ọ̀tún.

"Ìyá mi, ṣé kí n jókòó bíi Táíwò?"

Susannah la ẹnu láti sọ fún un bí Táíwò ṣe máa ń jókòó. Ó wá a nínú ara rẹ̀, kò rí i. "Jókòó bó ṣe wù ọ́," ló wí nígbẹ̀yìn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, rélùweè gbé fọ́tò dé, Ajíbóyè sì fúnra rẹ̀ mú un wá sí abà. Ọmọbìnrin méjì wà lórí bẹ́ńṣì, ẹ̀wù kan náà, ojú kan náà. Susannah wò ó pẹ́.

"Èwo ni Táíwò?"

Ajíbóyè, tó ti rí èsì fún gbogbo ìbéèrè abà náà, yọ àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó dì í mú lọ́wọ́.

Susannah fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọmọ tó wà lápá òsì, ó wo èkejì. Ó bo ti ọ̀tún, ó wo ti òsì. Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ kúrò lórí àwọn méjèèjì, ó sì pe Kẹ́hìndé pé kó wá jẹun.