Dígírì Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

"Ẹ má da yìnyín sí i mọ́ o, Bàbá Fàdílátù! Ẹja yẹn ti ń fi ẹ̀gbẹ́ lúwẹ̀ẹ́!"

Igbe tí Ṣùkúrátù ìyàwó rẹ̀ ké láti ẹnu ọ̀nà ló jẹ́ kí Mọ́nsúrù dáwọ́ dúró. Yìnyín karùn-ún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó wo àpótí gíláàsì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní wákàtí kan sẹ́yìn, tẹmómítà ara rẹ̀ ń sọ pé omi ti gbóná dé dígírì mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní báyìí, méjìlélógún ló wà. Fàdílátù ọmọ wọn, tó lọ sí Kumasi fún iṣẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ti kọ 26 gàdàgbà sára ìwé kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè àpótí náà.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Mọ́nsúrù ti ń tún fíríìjì ṣe ní Kaneshie. Bó bá di ọ̀rọ̀ ká mú nǹkan tutù, kò rò pé ẹnikẹ́ni ní Accra lè kọ́ òun. Nígbà tó dé ilé wọn ní Kokomlemle lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bá a pé iná ti lọ láti àárọ̀. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sórí omi ti dákẹ́, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń fún ẹja ní atẹ́gùn nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Yàrá gbóná bí ààrò. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ṣí fíríísà, ó kó píọ̀ wọ́tà tó ti dì, ó ya ọ̀rá rẹ̀, ó sì ń jù wọ́n sínú omi iyọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹja méjì ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun. Èyí tó tóbi ti dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn. Mọ́nsúrù mú fóònù, ó pe Fàdílátù, ó ní omi ti tutù jù.

"Dádì, mélòó ló wà báyìí?" ni Fàdílátù kọ́kọ́ bi í.

"Méjìlélógún."

"Áò! Ṣé yìnyín lẹ jù sínú ẹ̀ tààrà?" Bí àyà rẹ̀ bá já, Twi máa ń wọ inú Yorùbá rẹ̀. "Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ èyí tí kò tíì yọ́."

"Mo lè gbé omi díẹ̀ kaná, kí n..."

"Rárá, Dádì! Ẹ máa pa wọ́n. Omi yẹn ò fẹ́ òtútù, kò fẹ́ ooru. Ó fẹ́ dúró sójú kan ni. Ẹ jẹ́ kó padà fúnra ẹ̀. Wákàtí kan, dígírì kan. Ẹ jókòó tì í."

Ó ní kó máa fi kọ́ọ̀pù bu omi iyọ̀ tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní kíṣìnì sí i díẹ̀díẹ̀, nítorí yìnyín ti dín iyọ̀ inú rẹ̀ kù.

Iná dé ní aago mẹ́rin. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, Mọ́nsúrù sáré yọ ọ́ kó má baà tún mú omi tutù. Ó fa àga súnmọ́ àpótí náà. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó ti nǹkan tó bàjẹ́ láìtú u. Ó ń bu omi iyọ̀, ó ń wo tẹmómítà. Mẹ́tàlélógún. Mẹ́rìnlélógún. Ibẹ̀ náà ló ti kí ìrun Màgáríbì. Nígbà tó fi máa di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹja kékeré ti ń lúwẹ̀ẹ́ bó ṣe yẹ. Èyí ńlá kò mí mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣùkúrátù gbé tíì síwájú rẹ̀. "Ọkùnrin tó tà á fún un ní Osu ṣì ní irú ẹ̀. Wọ́n jọra bí ìbejì. Fàdílátù ò ní dé kó tó di aago mẹ́rin. Ẹ lọ rà á, kí gbogbo wa sinmi."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Mọ́nsúrù dé fìlà, ó wọ tróótró. Nínú ọkọ̀ ló ti rántí ọdún tí Fàdílátù sọ pé òun ò ṣe nọ́ọ̀sì, pé ohun inú òkun lòun fẹ́ kọ́. Ó jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kàn ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un, ó ń bá a rẹ́rìn-ín bí ẹni pé nǹkankan ò ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì." Láti ìgbà náà, bó bá ti ń wọlé, ojú rẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ máa ń wò, kó tó mọ̀ bóyá kóun sọ̀rọ̀.

"Métì, bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀bù!" ni Mọ́nsúrù ké sí kọ̀ndọ́ ọkọ̀ náà.

Ọ̀nà ṣì jìn sí Osu nígbà tó sọ̀kalẹ̀. Ó sọdá títì, ó wọ ọkọ̀ tó ń padà.

Fàdílátù kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi dìde. "Èyí tó tóbi ti kú. Èmi ni mo pa á. Mi ò bi ọ́ léèrè kí n tó da yìnyín sí i. Mo wọkọ̀ láti lọ ra òmíràn kí o má baà mọ̀, ojú ara mi tì mí. Má bínú."

Ọmọ náà sọ báàgì kalẹ̀. Ó rìn lọ sídìí àpótí náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Ẹja kékeré ń lọ, ó ń bọ̀ nínú omi.

Mọ́nsúrù kì í lè dúró níbi tí ẹkún bá wà, ṣọ́ọ̀bù ló máa ń sá lọ. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà nínú àpò rẹ̀. Ó yọ fìlà, ó gbé e sórí àga, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.