Bátìrì Inú Èlùbọ́

Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: rédíò tí Ràsáàkì ẹ̀gbọ́n mi rà fún Bàbá wa ló fẹ́ yà wọ́n ní wèrè. Kí rédíò ṣáà ti ní olè dá ọkọ̀ lọ́nà Èkó, Bàbá á ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan. Olè wo ló mọ Ìgànná? Wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé, wọn ò lọ oko mọ́, koríko bo iṣu. Wọn ò jẹun kánú, wọ́n ń rù. Ràsáàkì tó ra wàhálà wà ní Ìbàdàn, ó ń gbádùn; èmi Àdìjátù tí mo wà nílé ni orí ń fọ́.

Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Lọ́jọ́ Àtìní, bí Bàbá ṣe lọ ṣàlùwàlá, mo yọ bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo rì wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ èlùbọ́, mo fi òkú bátìrì rọ́pò wọn.

Bàbá yí rédíò títí, kò fọhùn. Wọ́n to bátìrì sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, kí oòrùn lè jí wọn, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sá wọn. Mo ń wò wọ́n, mo dákẹ́. Nígbà tó di Àlàmísì, wọ́n jẹ iyán wọn tán. Inú mi dùn gan-an.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ládòkun ará ilé kejì dé láti Tẹ̀dé.

"Bàbá, ẹ kú àráfẹ́rakù. A wá yín títí níbi ìsìnkú Bàbá Yẹ̀kínì lánàá."

Ọ̀rẹ́ Bàbá láti kékeré ni Yẹ̀kínì tó kú ní Tẹ̀dé yìí. Wọ́n ti jọ ṣèlérí pé ẹni tó bá ṣẹ́kù ni yóò wọnú sàréè gba òkú èkejì.

"Ta ló sọ fún mi?" Bàbá béèrè.

"Wọ́n kéde rẹ̀ ní rédíò láàárọ̀ àná, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí tiyín. Àwọn ọmọ wọn ní kò sídìí kí ẹnikẹ́ni wá jíṣẹ́, pé ẹ kì í kúrò nídìí rédíò. Wọ́n dúró dè yín títí di ìrọ̀lẹ́."

Bàbá ò sunkún. Wọ́n wo bátìrì orí odó, wọ́n wò mí.

"Àdìjá, ṣé lóòótọ́ ni bátìrì yìí kú?"

Mi ò lè purọ́. Mo lọ tú apẹ̀rẹ̀, mo kó wọn wá. Bàbá fi etí aṣọ nu èlùbọ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kì wọ́n bọ rédíò. Ó fọhùn lójú ẹsẹ̀: olè tún ti dá ọkọ̀ lọ́nà Èkó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Nítorí ẹ̀rù tó ń bà yín ni."

"Ẹ̀rù ń bà mí, mo mọ̀. Yẹ̀kínì ń retí mi, n ò mọ̀."

Wọ́n gbé rédíò sétí, wọ́n kẹ̀yìn sí mi.