Ìyàwó Onítakisí Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn

Ká má fepo bọyọ̀: bí nǹkan oṣù Rahinat bá dé, ilẹ̀ ló ń sùn sí. Kì í ṣe inú rírun tí wọ́n ń fi omi gbígbóná lé lọ. Tirẹ̀ ń gún un láti ìdodo dé ẹ̀yìn, á máa bì, á sì fi ọjọ́ mẹ́rin dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Sabon Gari, ní Kano. Iléyá méjì tẹ̀léra ni ìrora yìí bá aṣọ àwọn ọmọ ilé-kéwú Alhaja Àṣàbí lórí ẹ̀rọ. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, aṣọ àtijọ́ ni ọgbọ̀n ọmọ wọ lọ sí Yídì.

Lẹ́yìn ìkejì, ó lọ bá Dókítà Adéyanjú. Dókítà là á nínú díẹ̀, ó wò ó, ó sì dárúkọ àìsàn náà: endometriósíìsì.

“Orúkọ yìí gùn bí ojú irin Kano sí Ìdó,” ni Rahinat wí. “Ẹ sọ ọ́ lédè èèyàn.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Irú ẹran tó yẹ kó wà nínú ilé ọmọ ló ń hù níta rẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá dé, òun náà á ṣẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ á sì wú.” Ó fún un ní oògùn ìrora, ó fi fítámì Sí àti fítámì Íì kún un. “Ẹ̀jẹ̀ tó há síbẹ̀ lè mú kí inú ara dà bí irin tó dípẹtà. Àwọn kan rò pé fítámì wọ̀nyí lè bá a jà. Kò tíì dá wa lójú. Ẹ máa rìn lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa na ara. Mi ò ní ó máa wò yín sàn o. Ó lè dín in kù ni.”

Rahinat gbà á gbọ́, torí pé kò purọ́ fún un.

Rírìn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀, nítorí takisí ni Rájí ọkọ rẹ̀ ń wà. Láràárọ̀, Rahinat á rìn dé Fagge lọ ra òwú, á rìn padà. Háúsá tó ń dín kòsé, àkàrà wọn, lẹ́bàá ọ̀nà á kígbe sí Rájí pé ìyàwó awakọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn: “Haba, direba! Matarka da ƙafa?” Àwọn Yorùbá tiẹ̀ burú jù: “Rájí, ṣé epo ìyàwó ẹ ló tán ni?”

Lọ́jọ́ kan, Rájí wa takisí tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. “Ìyá Nurat, wọlé. O ń fi mí ṣẹ̀sín.”

“Bàbá Nurat, ẹ máa lọ. Oògùn ni mò ń lò.”

“Oògùn ẹsẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ ni. Ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ní mọ́tò.”

“Wọ́n mọ mọ́tò ọ̀hún jù mí lọ!”

Kò wọlé.

Oṣù kìíní, kò sí ìyàtọ̀. Ìkejì, ó sunkún, ó fẹ́ da fítámì nù. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, èébì ti dáwọ́ dúró.

Kí Iléyá ọdún 1984 tó dé, Alhaja tún gbé aṣọ wá, ó na ìka sí i. “Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí. Bí o bá tún sùn lé e, George tẹ́lọ̀ ni màá máa gbé e fún.”

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ méjìlá ṣì kù, ni ìrora dé. Rahinat lo oògùn. Ó di ikùn mú, ó rìn yí kànga àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó padà sídìí ẹ̀rọ. Ó na ẹ̀yìn lórí ẹní, ó tún dìde. Rájí wálé jẹun ọ̀sán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó jókòó, ó mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí gán bọ́tìnnì. Gbogbo rẹ̀ ló wọ́.

Ọ̀sán Árífà, tí Iléyá ku ọ̀la, ni wọ́n parí rẹ̀. Rájí mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. “Ṣé kí n ṣí bóòtù?”

“Ẹ fi sílẹ̀.”

Rájí wò ó títí, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó gbé ìdajì ẹrù lérí. Àwọn méjèèjì jọ gba títì lọ sílé Alhaja.

“Direba, kai ma?” ni oníkòsé kígbe, pé ṣé òun náà ń fẹsẹ̀ rìn.

“Oògùn ni mò ń lò!” ni Rájí dáhùn.

Láàárọ̀ Iléyá, inú ṣì ń run Rahinat díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ń lọ sí Yídì nínú aṣọ tuntun. Ó ka gbogbo wọn pé ọgbọ̀n.

Alhaja Àṣàbí tó ṣáájú wọn yíjú sí i. “Rahinat! Ta ló gán bọ́tìnnì wọ̀nyí?”

“Onítakisí ni, mà!”

“Kó yáa máa wa mọ́tò lọ. Ìwọ ni màá gbé aṣọ ọdún tó ń bọ̀ fún!”