Ọkọ Tí Baba Onílé Béèrè

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wassilatou ni orúkọ mi, aránṣọ ni mí, ọmọ Manigri. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ọdún mẹ́rin rèé, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbé, abẹ́ igi kajú ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí. Bí òjò bá ti ṣú, èmi àti ẹ̀rọ á sáré wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ pé bí òjò ọdún yìí bá balẹ̀ tí n kò tíì rí ibi gbé ẹ̀rọ náà sí, kí n tà á, kí n máa bá ìyàwó òun lọ oko iṣu. Èmi, kí n ta ẹ̀rọ mi? Ó dùn mí débi pé n kò jẹun lọ́jọ́ náà, iyán sì ni wọ́n gún.

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ pé yàrá kan ṣófo ní Bassila, nínú ilé alájà àtijọ́ kan tó kọjú sí ibùdókọ̀. Wọ́n ní ògiri rẹ̀ ti ń ṣí. Kí ló kàn mí? Òrùlé rẹ̀ kò jò, ìsàlẹ̀ ni yàrá náà wà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì fẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ya, èmi ni yóò kọ́kọ́ rí. Bí mo ṣe yọjú wò ó báyìí, mo ti mọ ibi tí ẹ̀rọ mi máa wà.

Alaaji Zoubérou, baba onílé, arúgbó ni, Anii sì ni èdè tirẹ̀. Ó gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ru ẹrù láìfi òṣùká sórí ló ṣe ń sọ ọ́: ohùn ń yẹ̀ síhìn-ín, ó ń yẹ̀ sọ́hùn-ún. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bi mí ní iṣẹ́ mi, mo sọ. Ó bi mí ní ìlú mi, mo sọ. Ó wá ní:

“Ọkọ rẹ dà?”

“Baba, n kò ní.”

“Ẹni tí kò ní ọkọ kò lè gbé ilé mi. Mú un wá ní Jímọ̀, kí n rí i. Èyí tó lágbára o. Má mú ògbólógbòó tí ẹnu rẹ̀ ti kú wá fún mi.”

Mo ní ó dáa. Ó tún nawọ́ sókè: “Habibatou tó wà lókè yẹn, méjì ló ní. Ó máa ń yá àwọn ará ilé.”

Sùbùhánà. Mo gbójú sókè, mo rí obìnrin náà tó ń sá aṣọ sórí okùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Obìnrin tó ní ọkọ méjì, tó tún ń yá wọn fún ará ilé, òun ló ń sá aṣọ bí ẹni rere yìí. Orí mi gbóná. Láti Bassila dé Manigri ni mò ń ráhùn nínú ọkọ̀. Ṣé ọkọ ló máa bá mi tẹ ẹ̀rọ ni?

Kamarou ló ń wa ọkọ̀ náà. Ọ̀nà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì tíì fẹ́ ẹlòmíràn láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Ó máa ń gbé ṣòkòtò wá fún mi tún rán, ṣòkòtò tí kò ya. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tú etí rẹ̀ kó tó gbé e dé. Mo mọ̀, n kò sọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sọ ìyẹn náà. Ó gbọ́ ìráhùn mi tán, ó ní, “Ṣé ọkọ ni wọ́n ń wá? Èmi rèé. Yá mi.”

Nígbà tó di Jímọ̀, Kamarou wọ bùbá funfun tó ti lọ̀ títí ó fi ń dán, a jọ lọ.

“Ta lèyí?” Baba bi mí.

“Ọkọ mi ni, Baba. Ẹ ní kí n mú un wá.”

Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Èmi kì í gba ọkùnrin sílé. Obìnrin nìkan ló ń gbé ibí. Ọkùnrin tí mo gbà kẹ́yìn, ilẹ̀kùn méjì ló fọ́ fún mi. Mo ní kí o mú ọkọ wá, o lọ mú ọkùnrin wá.” Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa ọkọ́ yọ, ọkọ́ tí a fi ń roko. “Ọkọ,” ó ní. “Koríko ẹ̀yìnkùlé ń kó ejò wọlé. Jímọ̀ Jímọ̀ ni àwọn ayálégbé ń ro ó.”

Áà, ọkọ́. Ọkọ́ ni Baba yìí ń béèrè lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ yìí wá.

Bí mo bá ní ọkọ mi ni Kamarou, yàrá ti lọ nìyẹn. Bí mo bá ní kì í ṣe ọkọ mi, a jẹ́ pé mo parọ́ fún àgbàlagbà lójúkojú. Mo rántí oko iṣu, mo rántí ẹ̀rọ mi. Mo kúnlẹ̀.

“Baba, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe ọkọ mi. Mo yá a ni.”

Èjìká Baba bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Habibatou ti sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọkọ́ rẹ̀ méjèèjì dání. “Ará Manigri,” ó ní, “tèmi rèé. Èwo ni kí n yá ọ?” Ojú tì mí, mo mú èyí tó kéré.

Kamarou fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n Baba ní rárá, ẹni tó máa gbé yàrá ni yóò roko. Ni mo bá ká ìró Jímọ̀ mi sókè. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, wọn kì í kọ́ mi ní ọkọ́ lílò. Kó tó di ìrun ọ̀sán, ìpín tèmi ti mọ́ tónítóní, Baba sì fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni, ó wúwo. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò ní kọ́kọ́rọ́ tèmi rí. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Kamarou ti padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, èrò ti kún. Ó yọrí lójú fèrèsé. “Jímọ̀ tó ń bọ̀, màá mú ọkọ́ tìrẹ bọ̀. Ọkọ ńkọ́, kí n mú òun náà bọ̀?”

Ọmọ Manigri ni, kì í ṣi ohùn. Mo gbọ́ méjèèjì dáadáa.

“Mú ọkọ́ wá,” mo ní. “Fi ọkọ sílé ná.”

Ó gbọ́ “ná” yẹn. Ó ń tẹ fèrè ọkọ̀ láti ibùdókọ̀ títí ó fi jáde ní Bassila, èmi sì wọ yàrá mi lọ, mo lọ gbálẹ̀ ibi tí ẹ̀rọ mi máa wà.