Àwọn Eku Olómi

Ní lábù wa, àwọn eku tí a kì í fún ní nǹkan kan ju omi lásán lọ ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn yòókù ń gba oògùn tuntun tí wọ́n gbé wá fún àyẹ̀wò, kí á lè mọ̀ bóyá ó ń ba àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Èmi ni mo sọ àwọn tó ń mu omi ní Olómi. Bí oògùn bá burú, àmì kékeré kan á yọ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, bí èérún búrẹ́dì nínú àwo. Ara Olómi pàápàá kì í ṣàì ní díẹ̀: méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì. Ọdún mọ́kàndínlógún la ti ń kọ iye tiwọn sínú ìwé kan, ìwé náà la sì fi ń mọ̀ bóyá àyẹ̀wò tòní ṣeé gbára lé.

Àǹtí mi ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, àwọn ló tọ́ mi, àwọn náà ló kọ́ mi níṣẹ́. Ìdí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa ka àmì. A máa ń bo orúkọ eku mọ́lẹ̀ lára gíláàsì pẹlẹbẹ tí a tẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí, kí ẹni tó ń kà má baà mọ èyí tó jẹ́ Olómi. Tí wọ́n bá kà tán, èmi ni màá ṣí orúkọ, tí màá sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́dún yìí, iye Olómi ń lọ sílẹ̀. Méjì. Ọ̀kan àbọ̀. Ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù tó kọjá, òdo. Ọ̀gá wa ní, "Àwọn eku wa ti ń jayé orí wọn." Gbogbo lábù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ ni mí.

Oúnjẹ àwọn eku ò yí padà, àgò wọn ò yí padà. Mo wá wo àwọn tí a mọ̀ọ́mọ̀ ń fún ní májèlé tó dájú pé ó ń mú àmì pọ̀, kí á fi mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ. Iye tiwọn náà ti wálẹ̀. Ṣé májèlé náà ń jayé orí ẹ̀ ni? Mo rántí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àǹtí ti ní kí n bá àwọn nu ojú awò lóṣù yẹn, pé ó dọ̀tí, tí mo sì nu ohun tó mọ́ tónítóní. Mo rántí pé nílé, bí wọ́n bá ń bu omi sínú ife, wọ́n máa ń ki ìka kan bọ inú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó kún.

Oògùn ikọ́ ọmọdé kan wà nílẹ̀ tí Àǹtí ti kọ pé kò ní wàhálà. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé èsì rẹ̀ máa jáde. Mo gbé àwọn gíláàsì rẹ̀, mo tún wọn kà. Níbi tí Àǹtí ti ka mẹ́ta, mọ́kànlá ni mo rí. Mo rò ó pé kí n yọ́ ṣàtúnṣe èyí nìkan, àmọ́ oògùn mẹ́ta mìíràn tí Àǹtí kà ti jáde lọ́dún yìí ṣáájú rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ á mu ún. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ Àǹtí tán nìyẹn.

Mo gbé ìwé lọ bá wọn nídìí awò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye Olómi sí wọn létí. Wọn ò jẹ́ kí n kà á tán.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fi Olómi mú ẹni tó ń purọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí. Àmọ́ ẹ ò purọ́."

"Mo purọ́. Ó ti tó ọdún kan tí kùrukùru ti ń bo ojú mi. Mò ń sọ fún ara mi pé awò ló dọ̀tí. Mo mọ̀ pé ìwé yẹn á tú àṣírí mi. Mo kàn ń retí ẹni tó máa kà á ni."

Mo ní ká kọ́kọ́ lọ rí dókítà ojú.

"Mo ti lọ," ni wọ́n wí. "Ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Fi oògùn mẹ́ta yẹn kún un."

Mo kọ ọ́, mo sì kà á sí wọn létí. Wọ́n ní kí n tún ibi tí mo ti pè é ní àṣìṣe kékeré kọ. Lẹ́yìn náà wọ́n mú báírò, wọ́n tẹrí ba títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé náà.

"Níbo ni kí n fọwọ́ sí?"

Mo fi ìka mi sórí ìlà náà. Orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé, ó sì parí lórí èékánná mi. Wọn ò mọ̀.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Àǹtí," ni mo wí, mo sì rọra yọ ìka mi.